Àga Abiyamọ àti Ìwà Ọmọlúàbí

Ní ilé tí oyún bá ti wọ oṣù keje, láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà títí kan Okokomaiko ní Èkó, ọ̀rọ̀ ẹrù ọmọ kì í tán lẹ́nu tọkọtaya. Wọ́n á ra aṣọ òtútù, wọ́n á ra nápì, wọ́n á ra àwọ̀n ẹ̀fọn. Lóde òní, nǹkan mìíràn ti wọ inú ẹrù náà tí àwọn ìyá wa kò bá níbẹ̀: àga tí abiyamọ yóò máa jókòó sí fọ́mọ lọ́mú. Ó ní tìmùtìmù lẹ́yìn, ó ní ibi ìgbọ́wọ́lé, òmíràn sì máa ń mì síwá sẹ́yìn. Ìyàwó á ní òun fẹ́ ẹ, ọkọ á ní owó ń ṣòfò, ìyá ọkọ á bú sẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà kò kéré rárá, torí pé ìrora ara ẹlòmíràn la fẹ́ fi owó ọwọ́ wa wọ̀n. Ibẹ̀ ni ìwà ti máa ń hàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo abiyamọ fúnra rẹ̀. Ọmọ tuntun a máa mu ọmú tó ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sì gbà wá nímọ̀ràn pé ọmú nìkan ni ká fún un fún oṣù 6 àkọ́kọ́, kó má tilẹ̀ kan omi. Níbo wá ni ìyá ń jókòó sí ní gbogbo ìgbà wọ̀nyẹn? Ní yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù gbé bẹ́ẹ̀dì sókè nítorí àgbàrá òjò, etí bẹ́ẹ̀dì náà ló ń jókòó sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kò fara ti nǹkan kan, ó sì tẹ ọrùn àti ìbàdí kí ọmú lè kan ọmọ lẹ́nu. Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kó tó bí, ojú ọgbẹ́ náà á máa fà á. Bí ẹnu ọmọ kò bá sì mú ọmú dáadáa, orí ọmú á là, ìyá á sì máa bẹ̀rù ìgbà tí ọmọ máa tún ké.

Ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì ń sọ ni pé kí ìyá gbé ọmọ wá bá ọmú, kó má tẹ̀ ba lọ bá ọmọ. Kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti nǹkan, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹlẹ̀, kí apá tó gbé ọmọ rí ibi sinmi lé. Àga olówó ńlá lè ṣe nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àga tábìlì oúnjẹ tí wọ́n fi ìrọ̀rí sí lẹ́yìn, tí wọ́n fi ìrọ̀rí mìíràn sí itan, tí wọ́n gbé àpótí sábẹ́ ẹsẹ̀, lè ṣe é pẹ̀lú. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè gbà: "Àwọn ìyá wa kò jókòó lórí àga kankan tí wọ́n fi tọ́ wa." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé. Nínú agbo ilé, ẹni tó ń wẹ ọmọ wà, ẹni tó ń gbọ́únjẹ wà, ẹni tó ń gba ọmọ mọ́ ìyá lọ́wọ́ kó lè fẹ̀yìn lélẹ̀ wà. Ẹnìkan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Lónìí, ìyá ìyàwó lè wà ní Ìkìrun lẹ́nu òwò rẹ̀. Ọkọ ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Badagry. Nígbà tí Blue Line, ọkọ̀ ojú irin tó yẹ kó dín sún-kẹrẹ náà kù, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní September 2023, Mile 2 ló dúró sí, kò dé Okokomaiko tí wọ́n là kalẹ̀ fún òpin rẹ̀. Ọkọ tó ń fi àwọn ìyá àtijọ́ bá ìyàwó rẹ̀ wí nínú irú ayé yìí, ìyà wọn nìkan ló fi jogún fún un. Kò fi ọwọ́ tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ jogún fún un. Ahun tó fi àṣà bora nìyẹn.

Ẹ̀bi kejì ni àṣehàn. Ẹlòmíràn á yáwó lórí fóònù, á ra àga náà kí àwọn tó ń bọ̀ wá kómọ lọ́jọ́ kẹjọ lè rí i. Àga á gba àyè tó kù nínú yàrá, nígbà tó bá yá aṣọ tí wọn kò tíì ká ni yóò máa jókòó sórí rẹ̀. Gbèsè á wá jẹ owó ẹja àti ẹ̀fọ́ tí ìyá ìbá jẹ, á jẹ owó ọkọ̀ tí wọn ìbá wọ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Sàpọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ọkọ àti ìyàwó. Òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà fún obìnrin ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà kó tó bí, mẹ́fà lẹ́yìn ìbí. Bó bá sì padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ní ẹ̀tọ́ sí ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fọ́mọ lọ́mú. Ọ̀gá tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Alaba International, tí ọmọbìnrin tó ń bá a tajà jẹ́ abiyamọ, ó yẹ kó fún un ní àkókò náà láìfajúro, kó sì wá àga kan tó ní ẹ̀yìn sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù fún un. Ọmọlúàbí kì í dúró de ẹjọ́ kó tó ṣe ohun tó tọ́.

Ẹni tó bá sì ra àga náà gbọ́dọ̀ mọ ewu tó wà nínú rẹ̀. Àwọn dókítà kìlọ̀ gidigidi pé kí ìyá má sùn lọ tọmọtọmọ lórí àga rírọ̀ tàbí sófà, torí ọmọ lè há sáàárín tìmùtìmù kí èémí rẹ̀ dí. Lóru tí oorun ń gbé ìyá lọ, ẹnìkan ní láti wà lójúfò tí yóò gba ọmọ.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi rèé. Kí ọkọ bi ìyàwó rẹ̀ pé ibo ló ń dùn ún, kó sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ tán. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ohun tó wà nílé gbìyànjú. Bí ìrora kò bá lọ, tí owó sì wà láìyáwó, kí wọ́n ra á, ìbáà ṣe tòkunbọ̀, ìbáà ṣe ti káfíńtà àdúgbò. Kí ìyá fúnra rẹ̀ jókòó lé e wò kí wọ́n tó sanwó. Lẹ́yìn èyí, kí bàbá ọmọ máa dìde lóru, kó gba ọmọ, kó gbé e mọ́ra, kó tẹ́ ẹ sùn. Iṣẹ́ yẹn kò ní iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà, àti olówó àti tálákà ló sì wà lọ́rùn wọn.