Àbámọ̀ Lẹ́yìn Kónílé-ó-gbélé

Bíbélì Kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 45:1-15

Àwọn àgbà ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta, ọdún 2020, àṣẹ kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó nítorí àrùn kòrónà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá kí ìjọba tó dẹ òfin náà díẹ̀. Ní Ṣómólú, àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dákẹ́. Ní Bàrígà, nínú àwọn ilé tí yàrá ti kọjú sí yàrá, ẹni tí à ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ògiri, a kò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn. Ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì kò sì ṣí títí di ọjọ́ 1 oṣù keje. Òbí ẹlòmíràn kú ní ìlú, kò lè lọ sin ín.

Nígbà tí ilé ìsìn tún ṣí ní Èkó ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti gbé ẹkún mì fún ìgbà pípẹ́. Ṣé àìnígbàgbọ́ ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bú sẹ́kún? Rárá o. Jósẹ́fù, alákòóso Íjíbítì, sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí ará ilé Fáráò fi gbọ́. Ẹ kíyèsí i pé lẹ́yìn ẹkún náà ni àwọn arákùnrin rẹ̀ tó lè bá a sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n oríṣi àbámọ̀ méjì ni ó wà. Èkíní ni ti ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ wa. Ọmọ tí òfin kò jẹ́ kí ó sin ìyá rẹ̀ kò jẹ̀bi. Kí ó sunkún, kí ó sì sọ ẹrù náà kalẹ̀. Èkejì ni ti ohun tí a lè ṣe tí a kò ṣe. Òfin ti ilẹ̀kùn, kò ti ẹnu. Ẹni tí ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà, tí tẹlifóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò pè é títí ẹ̀gbọ́n náà fi kú, kò tọ́ kí ó di ẹ̀bi náà ru ìjọba.

Ọ̀pọ̀ wa ni ó ru méjèèjì pọ̀. Ìbéèrè kan ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀: kí ni mo lè ṣe nígbà náà tí n kò ṣe? Bí ìdáhùn bá wà, ẹkún nìkan kò tó. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti lọ, ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà. Kí a wá wọn lọ, kí a tọrọ àforíjì, kí a sì bá wọn gbé ẹrù. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹkún tí kò jẹ́ kí a rí ẹni tí ó kù nílẹ̀ kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Ìbéèrè fún Ìjíròrò
1. Èwo nínú àbámọ̀ méjèèjì ni ó wúwo jù lọ́kàn rẹ?
2. Ta ni ó yẹ kí o bẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí?