Ìwọ̀n Iyọ̀ Nínú Ọbẹ̀

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ní Ìkìrun níbí, iyọ̀ la fi ń ṣàdúrà fún ọmọ tuntun pé kí ayé rẹ̀ dùn. A kàn máa ń fi kàn án lẹ́nu ni, ẹnikẹ́ni kì í bù ú sí i lẹ́nu.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan lágbègbè Òkukù ni àṣejù iyọ̀ ti ká mi lára. Alásè dúró ti ìkòkò ẹ̀fọ́, ó ń tú bébà lára màgí, ó ń rún un sínú epo títí bébà fi bo ẹsẹ̀ ààrò. Ó tún bu iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ lé e. Kò tíì tọ́ ọ wò o! Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ ò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ná?" Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, ọbẹ̀ tí ò bá ta sánsán, àlejò ò ní jẹ ẹ́." Irú wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú màgí. Ẹni tó rún màgí tó tún bu iyọ̀ sí i, iyọ̀ ló bù lẹ́ẹ̀mejì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ pé gíráàmù 5, bíi ṣíbí tíì kan, tòun tèyí tó wà nínú búrẹ́dì àti màgí. Èyí tó bá lé ń fa omi sínú ẹ̀jẹ̀, iṣan a kún, ọkàn a máa ti ẹ̀jẹ̀ tipátipá, kíndìnrín a máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó. Ẹ̀jẹ̀ ríru dé nìyẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wá rọ ẹnìkan lápá lẹ́sẹ̀, a ní wọ́n ta á lọ́fà ni. Ọ̀nà ọ̀fun lọ̀nà ọ̀run.

Sùúrù ló tán lọ́wọ́ wa. A ò fẹ́ se irú mọ́, a ní ó ń rùn.

N ò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ iyọ̀, ara tí kò rí iyọ̀ rárá kò lè dá ṣe nǹkan. Láti 1993 ni wọ́n ti là á kalẹ̀ ní Nàìjíríà pé kí áyódíìnì wà nínú iyọ̀ tí à ń jẹ, nítorí gẹ̀gẹ̀, àti nítorí ọpọlọ ọmọ inú oyún. Áyódíìnì ọ̀hún kò fẹ́ oòrùn, kò fẹ́ ọ̀rinrin. Ẹ wá wo iyọ̀ tí wọ́n ń fi ife wọ̀n lọ́jà wa, ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu nínú oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́! Èyí tó pupa rẹ́súrẹ́sú, tó ń ti Pakistan wá, tí àwọn olówó ń rà gọbọi pé iyọ̀ àdáyébá ni, iyọ̀ náà ni. Èròjà mìíràn tó wà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì ní áyódíìnì.

Irú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ẹja wẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń jẹ teegunteegun, ibẹ̀ ni kí ẹ ti wá èròjà tí ń dá ẹ̀jẹ̀ sára, tí ń mú eegun le. Alásè tó mọṣẹ́ a kọ́kọ́ da irú sínú epo, a jẹ́ kó ta sánsán, a tọ́ ọbẹ̀ wò. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni yóò tó bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí iná má baà gbé áyódíìnì lọ. A sì dé ike iyọ̀ pa, a gbé e jìnnà sí iná.