Ta Ni Ó Ni Ẹja Inú Ibú?



Bí ọjọ́ Ẹtì inú Lẹ́ńtì bá dé, Ìjọ Mímọ́ a ní kí á fi ẹran sílẹ̀, àwa náà a sì yíjú sí ẹja. Ní Ìlógbò níhìn-ín, ẹni tí ó lówó díẹ̀ a ra Titus inú yìnyín, ẹni tí kò ní púpọ̀ a ra ṣàwá tàbí kóte, ẹni tí ó fẹ́ kí ọbẹ̀ òun ta sánsán a sì wá àrọ̀ gbígbẹ kiri. A mọ ẹni tí ó ni iṣu tí a fi gún iyán, nítorí òun ni ó kọ ebè rẹ̀ tí ó sì roko rẹ̀. A mọ ẹni tí ó ni ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n ẹja òkun tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, tí ẹnikẹ́ni kò sì sìn, ta ni ó ni ín? Ìbéèrè yìí dàbí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n gbogbo ìwà wa sí odò àti sí òkun dúró lórí ìdáhùn tí a bá fún un.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dáhùn kíákíá pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fi àwọ̀n mú un ni ó ni ín. Ìdáhùn náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, nítorí òógùn ojú apẹja yẹ fún èrè. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó. Apẹja ni ó ni làálàá. Kì í ṣe òun ni ó dá ibú, kì í sì í ṣe òun ni ó kọ́ ẹja bí a ti ń yé ẹyin. Tómáàsì Mímọ́ ti Akuínò kọ́ wa pé ó tọ́ kí ènìyàn ní ohun ìní láti máa bójú tó, ṣùgbọ́n ní ti ìlò rẹ̀, kí ó máa kà á sí ohun àjùmọ̀ní. Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́ nípa oko tí a ro, mélòómélòó ni ti ibú tí ẹnikẹ́ni kò ro! Ẹja inú ibú jẹ́ ti gbogbo wa, àwọn tí ó sì ni ín pẹ̀lú wa kò tíì di bíbí tán. Òfin Mósè mọ èyí. Nínú Ìwé Diutarónómì, ẹni tí ó bá rí ìtẹ́ ẹyẹ lójú ọ̀nà lè kó àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ mú ìyá mọ́ wọn. Òfin náà kò ní kí ènìyàn má jẹun. Ohun tí ó kọ̀ ni pé kí á jẹ oúnjẹ òní tán, kí á sì sé ilẹ̀kùn mọ́ ti ọ̀la.

Ẹ jẹ́ kí á mú Titus inú àwo ọbẹ̀ wa wò. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti àríwá òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí ó ti ń lúwẹ̀ẹ́ láti inú omi orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí ti òmíràn. Lọ́dọọdún, àwọn onímọ̀ nípa òkun a máa sọ iye tí a lè pa kí irú rẹ̀ má baà run. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan dá ìpín tirẹ̀ gé bí ó ti tọ́ lójú ara rẹ̀. Nígbà tí a sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ju ohun tí àwọn onímọ̀ wí lọ. Ní ọdún 2019, àjọ Marine Stewardship Council, tí ń fi àmì rere sí ẹja tí a pa láìba irú rẹ̀ jẹ́, gba àmì náà kúrò lára ẹja yìí fún ìgbà náà. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní olè nínú wọn. Bí ọmọ márùn-ún bá jogún igbó ìrókò kan, tí olúkúlùkù sì ń gé igi kan péré lọ́dún, gbogbo wọn ni yóò sọ pé ti àwọn kò pọ̀, títí igbó yóò fi di pápá.

Ibi tí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ń parí sí, àwọn ará Newfoundland ní Kánádà lè sọ fún wa. Láti ọ̀rúndún mélòó kan sẹ́yìn ni wọ́n ti ń jẹun nípa ẹja kọ́ọ̀dù, irú èyí tí àwọn ará Nọ́wè ń sá gbẹ tí ó ń di òkúpọrokò lọ́dọ̀ wa. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkọ̀ ńláńlá dé, wọ́n sì ń kó o ju bí ó ti ń bí sí i lọ. Ní oṣù keje ọdún 1992, ìjọba Kánádà fi òfin dá pípa rẹ̀ fún títà dúró, nǹkan bí 30,000 ènìyàn sì pàdánù iṣẹ́ wọn. Ọdún 2024 ni wọ́n tó tún un ṣí. Ọmọ tí a bí ní ọdún òfin yẹn ti pé ẹni ọdún 32.

Ní etíkun Nàìjíríà, òfin kò gba àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń wọ́ àwọ̀n láyè láti ṣiṣẹ́ nínú máìlì òkun márùn-ún tí ó súnmọ́ èbúté, kí ibẹ̀ lè wà fún àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré, bí àwọn ará Ìlàjẹ. Ní Gánà, ìjọba fẹ́ ti òkun pa fún oṣù kan ní ọdún 2018 kí ẹja lè yé ẹyin. Àwọn apẹja kọ̀, nítorí ebi ilé wọn ni wọ́n ń rò, ìjọba sì dá a dúró. Ní ọdún 2019, láti ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún sí ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré wá sinmi. Ẹ má ṣe rò pé ohun kékeré ni kí tálákà gbé àwọ̀n rẹ̀ kọ́ fún oṣù kan nítorí ọmọ tí a kò tíì bí.

Ẹnìkan lè wí pé: “Fádà, orí òkè ni àwa wà ní Èkìtì. Ẹja tí mo bá lọ́jà, òkú ni mo bá a. Kí ni èyí kàn mí?” Àwọn baba wa wí pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Òwe náà le, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ẹni tí ó dúró nílẹ̀ rí ẹni tí ó wà lájà, ó sì mọ̀ pé epo náà kì í ṣe tiwọn. Ìmọ̀ yẹn ni ó sọ ọ́ di olè. Ìyá tí ó fi owó díẹ̀ ra ṣàwá fún ọmọ mẹ́rin, tí kò sí ọ̀nà tí ó lè gbà mọ ọkọ̀ tí ó pa á, kò sí nídìí àjà yẹn, èmi kò sì ní di ẹrù náà lé e lórí. Ṣùgbọ́n bí ìmọ̀ ènìyàn bá ti pọ̀ tó, tí agbára rẹ̀ sì pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀bi rẹ̀ ṣe ń pọ̀. Alágbàtà tí ń kó ọ̀pọ̀ páálí lè bi ẹni tí ó ń tà fún un léèrè. Ẹni tí ń se àsè ìgbéyàwó lè yan ohun tí yóò rà. Ìjọba tí ó ní ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ lójú òkun lè lé ọ̀daràn kúrò níbẹ̀.

Ibì kan sì wà tí ìmọ̀ àti agbára wa pé, tí a kò lè na ìka sí ẹlòmíràn: odò tiwa. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti ṣe kòkó mọ Gamalin 20, oògùn tí a ń fín sí kòkó. Ní ilẹ̀ wa, àwọn kan rí i pé bí a bá dà á sódò, ẹja a léfòó. Ó ń pa ìyá, ó ń pa ọmọ, kò sì dá akàn sí. Ẹni tí ó jẹ ẹja náà jẹ májèlé. Ẹni tí ó pọn omi nísàlẹ̀ odò mu májèlé. Ní ọdún 2009, Àdéhùn Stockholm ka líńdéènì, èròjà inú Gamalin náà, mọ́ àwọn tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1992 lórí ẹja inú odò sì ti ka májèlé, ohun abúgbàù àti iná mànàmáná léèwọ̀ fún ẹja pípa. Ṣùgbọ́n oògùn mìíràn ṣì wà lóko, òfin kò sì lè dúró sí etí gbogbo odò. Ẹ̀rí-ọkàn ni ó lè dúró níbẹ̀. Odò Ọ̀ṣun tí ó sun ní Ìgèdè-Èkìtì ń ṣàn títí dé ọ̀sà Lẹ́kí lẹ́bàá òkun. Nítorí náà, kí ará òkè má wí pé òun jìnnà sí ẹja òkun.

Àwọn kan ní kí á kúkú máa sin àrọ̀ nínú adágún. Iṣẹ́ rere ni, mo sì yin àwọn tí ń ṣe é. Síbẹ̀ kí wọ́n wo inú àpò oúnjẹ ẹja wọn, nítorí a máa ń po ìyẹ̀fun ẹja mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹja tútù bíi kílò mẹ́rin tàbí márùn-ún ni a ń lọ̀ kí ìyẹ̀fun kílò kan tó jáde. Ní Mauritania, Senegal àti Gambia, ilé iṣẹ́ ń lọ ṣàwá di ìyẹ̀fun fún ọjà ayé, nígbà tí àwọn onímọ̀ ti kìlọ̀ pé a ń pa ṣàwá níbẹ̀ kọjá ìwọ̀n. Ẹja tálákà ni ṣàwá. Ẹni tí ó bá lè fi sóyà tàbí ẹ̀pà tí a ti fún epo rẹ̀ dípò díẹ̀ nínú ìyẹ̀fun náà, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìrònúpìwàdà ni a ṣe ń fi ẹran sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ààwẹ̀ tí ó bá jẹ́ pé ọmọ apẹja ni yóò fi ebi san gbèsè rẹ̀ kì í ṣe tiwa, ti ọmọ náà ni. Nínú ìwé rẹ̀ Laudato Si' ti ọdún 2015, Póòpù Francis ka pípa ẹja láìníwọ̀n mọ́ àwọn ìwà tí ń ba ilé wa gbogbo jẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á kọ ẹja tí a fi oògùn pa, bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó. Kí á má ṣe ra ọmọ ẹja tí kò tíì dàgbà. Kí àwọn baálé sì kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń lọ sí odò.

Ẹ rántí aginjù níbi tí Olúwa wa ti fi ẹja méjì bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Lẹ́yìn tí wọ́n yó, Òun tí ó lè sọ díẹ̀ di púpọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n ṣa èyí tí ó kù jọ, kí ohunkóhun má ṣe ṣòfò. Mélòómélòó ni ó yẹ kí àwa tí a kò lè dá ẹja kan ṣoṣo máa ṣọ́ èyí tí ó kù nínú ibú.