Ṣé Orúkọ Ní Akọ àti Abo?

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Wọn kò ní ara ọmọ ni kí a wò. Síbẹ̀, lóde òní, bí a bá dárúkọ ọmọ tuntun, ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé, "Ṣé orúkọ ọkùnrin ni àbí ti obìnrin?" Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni èyí: bí òbí bá fún ọmọkùnrin ní orúkọ tí àwùjọ ti sọ di ti obìnrin, ṣé ó ṣẹ ọmọ náà?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè wa. Bí a bá ní "ó ti dé", kò sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá ọkùnrin ló dé tàbí obìnrin. Ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin. Bẹ́ẹ̀ náà ni àbúrò. Orúkọ wa kò yàtọ̀. Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, Àlàbá, Ìgè, Ayọ̀délé, Olúwaṣeun: tọkùnrin tobìnrin ló ń jẹ́ wọn. Lóòótọ́, àwọn kan ya ara wọn sọ́tọ̀. Obìnrin kì í jẹ́ Babátúndé, ọkùnrin kì í jẹ́ Yétúndé, nítorí pé bàbá tàbí ìyá tó ti kú ni ẹbí gbà pé ó padà wá. Ọmọ tí okùn ìwọ́ kọ́ lọ́rùn wáyé, lọ́pọ̀ ibi, Òjó ni bó bá jẹ́ ọkùnrin, Àìná ni bó bá jẹ́ obìnrin. Orúkọ tó bá sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Akin, ọkùnrin ló sábà máa ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò pọ̀ tó àwọn yòókù.

Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pín orúkọ wa sí ọ̀nà mẹ́ta: àmútọ̀runwá, àbísọ àti oríkì. Ó tún kọ ọ́ pé ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì. Èyí fi hàn pé àwọn baba ńlá wa mọ bí a ṣe ń fi ìyàtọ̀ hàn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ẹ. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ń fi í hàn. Oríkì náà ń fi í hàn: Àjàní, Àkànní àti Àlàbí wà fún ọkùnrin, Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́ àti Àdùnní wà fún obìnrin. Iṣẹ́ mìíràn ni ti àbísọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé kí ọmọ tó dé ni ó ń sọ. Ilé tí a wò nìyẹn.

Ní Ìbàdàn níbí, àpẹẹrẹ kò jìnnà sí wa. Ta ni ó lè sọ pé Balógun Ìbíkúnlé kì í ṣe akọni, ẹni tó ṣáájú ọmọ ogun Ìbàdàn nígbà ogun Ìjàyè tó bẹ̀rẹ̀ ní 1860? Síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò sọ nípa idà tàbí ìbọn. Ìbí tó kún ilé ló ń sọ. Adébísí Ìdíkàn, olówó ńlá tí orúkọ rẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn àgbà, ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n lónìí, bí ẹnì kan bá pe "Bísí!" ní ojúde, obìnrin ni ọ̀pọ̀ máa retí pé kó dáhùn. Olóyè Bọ́lá Ìgè tó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ láti 1979 sí 1983 ń jẹ́ Ajíbọ́lá, ó tún ń jẹ́ Ìdòwú, orúkọ ìdílé rẹ̀ sì ni Ìgè. Kò sí èyí tí obìnrin kò lè jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí ló wá yí etí wa padà? Mo rò pé orúkọ tí a gbà láti ibòmíràn wà lára rẹ̀. Nínú orúkọ mùsùlùmí, Mùíbì ni ọkùnrin, Mùíbátù ni obìnrin. Nínú orúkọ òyìnbó, Joseph ni ọkùnrin, Josephine ni obìnrin. Bí a ṣe ń jẹ́ irú orúkọ báyìí pẹ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ àti abo nínú Fúnmiláyọ̀ àti Bùkọ́lá pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ agbo ilé wa ní Bẹẹrẹ lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lo ọdún méje nílé ọkọ kí ó tó bímọ. Nígbà tí ọmọ dé, ọkùnrin ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní Fúnmiláyọ̀ ni òun máa pè é. Bàbá àgbà wa wò ó títí, wọ́n ní, "Ṣebí ọkùnrin lo bí?" Ó dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ayọ̀ náà ni ó fún mi." Bàbá mi orí. Wọ́n ní, "Ìwọ lo ni ayọ̀, òun ló máa ru ẹ̀sín."

A kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá sẹ́yìn. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti kàwé rí, ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Bùkọ́lá. Bí wọ́n bá ti pe orúkọ rẹ̀ láàárọ̀, ẹ̀rín á sọ. Nígbà tó yá, ó ní kí gbogbo ènìyàn máa pe òun ní BK. Òbí tó sọ ọ́ lórúkọ kò sí níbẹ̀ láti bá a gbé e. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kò lè sọ pé òun fẹ́ tàbí òun kò fẹ́. Nítorí náà, òbí tó bá fi orúkọ ọmọ ṣe àrà lásán, tàbí tó fẹ́ fi bá ayé jà, ó ṣẹ ọmọ náà. Ọrùn ọmọ kì í ṣe ibi tí a ń so àríyànjiyàn tiwa mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ẹ̀rín yẹn léèrè ohun tó ń rín. Bí ọmọbìnrin bá ń jẹ́ Ayọ̀délé, kò sí ẹni tó máa rẹ́rìn-ín. Bí obìnrin bá ṣe ohun ńlá, a máa ń yìn ín pé "obìnrin bí ọkùnrin". Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọkùnrin wé obìnrin, èébú ni. Ìdí rẹ̀ ni pé a ti gbà nínú ọkàn wa pé ohun tó bá jẹ́ ti obìnrin rẹlẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ obìnrin jókòó sínú kíláàsì yẹn, mo sì mọ̀ pé Bùkọ́lá nìkan kọ́ ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. Wọ́n ń sọ fún gbogbo àwa ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ pé ohun ìtìjú ni láti jọ wá. Bí a bá yí orúkọ ọmọ padà nítorí ẹ̀rín náà, a gba ọmọ kan là, ṣùgbọ́n a fi ẹ̀rín sílẹ̀ kó máa dàgbà.

Ìjọba àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà ti bá ọ̀rọ̀ yìí jìjàkadì. Ní Jámánì, àwọn tó ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ kọ̀ fún òbí kan láti pe ọmọbìnrin wọn ní Kiran, orúkọ Íńdíà tí tọkùnrin tobìnrin ń jẹ́, nítorí pé kò fi hàn pé obìnrin ni. Ní 2008, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè náà dá àwọn òbí láre. Ohun tí wọ́n gbé dé ilé ẹjọ́ kí wọ́n tó rí i, ogún bàbá wa ni.

Ogún yẹn ló yanjú ọ̀rọ̀ ilé wa pẹ̀lú. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, gbogbo ẹbí ló ń fowó sílẹ̀ láti fún ọmọ lórúkọ. Nígbà tó kan Bàbá, wọ́n ní Àjàní ni oríkì rẹ̀, ẹni tí a jà kí a tó ní. Bàbá kò gbà fún Fúnmiláyọ̀, títí di òní wọn kò pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni orúkọ méjèèjì ń sọ: ọ̀kan sọ ìjà, èkejì sọ ayọ̀ tó tẹ̀lé e. Àjàní sì ti sọ pé ọkùnrin ni.

Ní tèmi, òbí tó wo ilé rẹ̀ dáadáa, tó sì sọ òtítọ́ ibẹ̀ di orúkọ, kò ṣẹ ọmọ rẹ̀. Gbèsè kan ṣoṣo ni ó jẹ ọmọ náà: kí ó sọ ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ fún un kí ó tó wọ ilé ìwé, kí ọmọ lè ní èsì lẹ́nu. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ohun tó kù wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ń pe orúkọ láàárọ̀, tí ẹ̀rín bá sọ, ẹ dúró, kí ẹ bèèrè ìtumọ̀ orúkọ náà lọ́wọ́ ẹni tó rẹ́rìn-ín.