Onígbèsè Tí Kò Rí Owó San Kì Í Ṣe Olè

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Olúwa gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ jẹ́ kí á páyà Ọlọ́hun nínú ọ̀rọ̀ owó tí ó wà láàárín wa.

Ọmọkùnrin kan nínú jàmáà wa wá bá mi lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Ó gbà mí láàyè kí n sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdárúkọ. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ọ̀gbà. Ó yá owó lórí fóònù láti fi san owó ilé ìwé ọmọ. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó yá òmíràn láti fi san ti àkọ́kọ́. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti jẹ gbèsè ní ibi mẹ́fà. Àwọn ayánilówó náà kó nọ́ńbà gbogbo tí ó wà nínú fóònù rẹ̀, wọ́n sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò pé olè ni. Ó ní, "Ààfáà, ikú yá ju ẹ̀sín."

Mo sọ fún un pé òwe yẹn kò ní àyè níbí. Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti pa ara wa, ikú kì í sì í san gbèsè. Ọrùn òkú ni gbèsè náà ń wà.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ ẹni tí kò lè san gbèsè àti ẹni tí kò fẹ́ san án, ọ̀kan náà ni wọ́n bí?

Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ya wọ́n sọ́tọ̀. Ó pe olówó tí ó ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la lórí gbèsè ní alábòsí. Ṣùgbọ́n ní ti ẹni tí kò ní, Ọlọ́hun pàṣẹ nínú Súrà Bákọrà, áyà 280, pé kí á lọ́ ọ lára títí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí a bá sì fi jìn ín, èyí lóore jù fún wa.

Nínú àkójọ hádíìsì Muslim, Abu Sa'id al-Khudri sọ nípa ọkùnrin kan tí ó ra èso, tí àjálù bá èso náà, tí gbèsè sì bò ó mọ́lẹ̀. Ànábì ní kí àwọn ènìyàn ṣe sàráà fún un. Wọ́n ṣe é, kò ká gbèsè náà. Ó wá sọ fún àwọn tí ọkùnrin náà jẹ lówó pé kí wọ́n gba ohun tí wọ́n rí, pé kò sí òmíràn fún wọn. Ẹ wo ètò náà: gbèsè hàn sí gbangba, jàmáà dá owó, wọ́n pín ohun tí ó wà, wọ́n sì dẹ́kun lílé e. Kò sí ẹni tí ó pè é ní olè.

Òfin ilẹ̀ wa náà ní irú ọ̀nà yìí. Láti ọdún 1979 ni òfin ti wà fún ẹni tí gbèsè borí. Ó lè fúnra rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀, kí òṣìṣẹ́ ìjọba gba dúkìá rẹ̀, kí wọ́n pín in fún àwọn tí ó jẹ lówó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà gùn, ó ń ná ni lówó agbẹjọ́rò, ẹni tí ilé ẹjọ́ kò bá sì tíì tú sílẹ̀ kò lè du ipò aṣòfin. Àwọn ọ̀nà kan wà tí ó sún mọ́ wa ju èyí lọ. Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń làjà láìgba kọ́bọ̀. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kọ̀ kí wọ́n mú ènìyàn nítorí gbèsè lásán. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC tí ń gbèjà oníbàárà já wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó orí fóònù ní Òpèbí, nítòsí wa níbí, nítorí irú ìdójútini yìí. Ẹni tí wọ́n bá ṣe é sí lè mú ẹ̀sùn lọ bá wọn. Ẹ̀sùn kò pa gbèsè rẹ́ o. Ìdójútì ni ó ń dá dúró.

Ní ayé àwọn bàbá wa, ológò a máa jókòó ti onígbèsè, a máa pariwo, a máa yọ ilé lẹ́nu títí wọn yóò fi san. Inú fóònù ni ológò òde òní jókòó sí, ṣùgbọ́n ẹnu wa ni ó fi ń pariwo. Àtẹ̀jíṣẹ́ nípa ọmọkùnrin yẹn wọ fóònù àwọn kan nínú wa. Ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ síwájú ti di ológò láìgba owó ọ̀yà. Ìdí nìyí tí arákùnrin wa kò fi wá jímọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nítorí náà, ìwọ onígbèsè, má yá owó san owó mọ́. Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, sọ fún ìyàwó rẹ àti àgbà kan, kí o sì tọ ẹni tí o jẹ lọ kí ọjọ́ tó pé. Èèwọ̀ ni èlé, ṣùgbọ́n má tìtorí rẹ̀ sẹ́ ojú owó tí o gbà. Ìwọ tí a jẹ lówó, rántí Ka'b ọmọ Malik: inú mọ́sálásí ni Ànábì ti ní kí ó fi ìdajì gbèsè jin ẹni tí ó jẹ ẹ́, ó sì gbà, Ànábì wá ní kí onígbèsè dìde lọ san ìyókù. Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ sàká, ẹ ka Súrà Taobah, áyà 60: àwọn tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn wà nínú ìsọ̀rí mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí.

Èmi àti ọmọkùnrin náà ti jọ kọ gbèsè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀. Púpọ̀ ni ó kù. Ṣùgbọ́n ó wà nínú sàfù wa lónìí. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá tún wọ fóònù rẹ, pa á rẹ́, kí o sì pe ẹni tí wọ́n kọ ọ́ nípa rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun yọ gbogbo onígbèsè nínú ìdààmú, kí Ó sì fi ọ̀nà halal rọ̀ wá lọ́rùn. Àmín.