Ṣé Sùúrù Ni, Àbí Ìbẹ̀rù?



Ọmọ awo mi kan ní Houston pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ní kó bọ́ ìdè Ifá ọwọ́ rẹ̀, pé nǹkan òògùn ni. Ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó, àgbélébùú wà lọ́rùn tiẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a wí. Nígbà tó kọ̀ láti bọ́ ọ, wọ́n dín wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ kù. Mo bi í pé ìgbà wo? Ó ní ó ti lé ní oṣù márùn-ún. "Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé sùúrù ni baba ìwà."

Òótọ́ ni, èmi ni mo kọ́ ọ. Ó jọ pé mi ò kọ́ ọ tán.

Nínú ìtàn tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà, Sùúrù ló bí Ìwà, Ọ̀rúnmìlà ló sì fẹ́ ẹ. Nígbà tí ìyà pọ̀ lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ, kí ni ọmọ Sùúrù ṣe? Ó dìde, ó padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Kò dáná sun ilé o, àmọ́ kò jókòó síbẹ̀. Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀ ló lọ wá a kiri. (Àwa ọkùnrin kì í fẹ́ sọ ìtàn yìí dé òpin.)

Ní Texas, ẹni tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ fìyà jẹ níbi iṣẹ́ nítorí ẹ̀sìn rẹ̀ lè fẹjọ́ sun Texas Workforce Commission, bí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá tó 15. Òfin ò sì gbà kí ọ̀gá torí ẹ̀ gbẹ̀san. Àmọ́ ọjọ́ 180 péré ni wọ́n fún un, láti ọjọ́ tọ́rọ̀ ṣẹlẹ̀. Sùúrù kì í dá ọjọ́ yẹn dúró.

Mo wá ní kó sọ òótọ́ fún mi. Ó ní, "Wọ́n á pè mí ní oníwàhálà, Bàbá." Ṣé ẹ rí i? Ìbẹ̀rù ló wọ aṣọ sùúrù.

Abẹ́ ìbúra ni wọ́n ti ń kọ ẹjọ́ náà. Ó fẹ́ fi kún un pé ọ̀gá pe òun ní àjẹ́.

"Ṣé ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹnu rẹ̀ ò sọ ọ́, Bàbá, ojú rẹ̀ ló ń sọ ọ́."

Mo ní kó pa á rẹ́. Ohun tójú rí, tétí gbọ́, pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ìyẹn nìkan ni kó kọ.

Ọjọ́ 163 ló fi ránṣẹ́. Wọn ò tíì pè é. Ìdè náà ṣì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀.