Òrìṣà Tó Yó, Tó Padà Sílé: Enahoro Nínú Ògúndá Méjì

Ní Ìlerò níbí, bí òṣèlú bá ti dépò, ohun tí ará ìlú kọ́kọ́ ń sọ ni pé ó ti yó, kò rí wa mọ́. Bí wọ́n bá wá bi mí bóyá ajàfómìnira lè di mínísítà kó má yí padà, Ògúndá Méjì, ọ̀kan nínú àwọn odù Ifá, ni ọkàn mi máa ń lọ sí.

Nínú odù náà, Ọ̀rúnmìlà bi àwọn òrìṣà pé ta ni yóò bá ẹni tó ń sìn ín la òkun já láìpẹ̀yìndà. Ṣàngó ní òun tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bó bá wá dé Kòso, ilé baba rẹ̀, tí wọ́n ro àmàlà, tí wọ́n se gbẹ̀gìrì, tí wọ́n fún un lórógbó àti àkùkọ ńkọ́? Ó ní bí òun bá yó tán, ilé ni òun ń padà sí. Bí gbogbo wọn ṣe wí nìyẹn, oúnjẹ kálukú ló yàtọ̀. Orí nìkan ni kì í padà.

Ọ̀pọ̀ a máa fi ẹsẹ yìí kọ́ni pé kéèyàn má gbójú lé ọ̀rẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ìjọba, ará ìlú ni mo kà sí arìnrìn-àjò, mo ka òmìnira sí òkun, òṣèlú sì ni òrìṣà tó ń ṣèlérí.

Ẹ wo Anthony Enahoro, ọmọ Uromi tí wọ́n bí ní 1923. Ní 1944, ó di olóòtú ìwé ìròyìn Southern Nigerian Defender, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún péré. Òyìnbó sọ ọ́ sẹ́wọ̀n léraléra nítorí ohun tó kọ àti ohun tó sọ. Ní 1953, òun ló gbé àbá síwájú ilé aṣòfin l'Ékòó pé kí Nàìjíríà máa ṣàkóso ara rẹ̀ ní 1956. Lábẹ́ Awólọ́wọ̀, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ó di mínísítà n'Íbàdàn, ó sì wà nínú ìjọba tó dá tẹlifíṣàn WNTV sílẹ̀ ní 1959. Ẹjọ́ ìdìtẹ̀ dé, ó sá lọ sí Bìrìtìkó, wọ́n dá a padà láti ibẹ̀ ní 1963, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Gowon, olórí ìjọba ológun, tú u sílẹ̀ ní 1966.

Ibí yìí ni Kòso rẹ̀. Láti 1967, ó jẹ́ kọmíṣánnà fún ìròyìn lábẹ́ ìjọba ológun fún ọdún tó lé ní méje. Akọ̀ròyìn tí wọ́n tì mọ́lé nítorí gègé ìkọ̀wé wá di agbẹnusọ fún àwọn tó ń fi òfin ológun ṣàkóso. Ogun abẹ́lé wà nílẹ̀ nígbà náà, èmi náà gbà pé òun àti ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé kí orílẹ̀-èdè má tú ká. Síbẹ̀, ó dùn mí.

Kò sí ìlú tí irú rẹ̀ kò sí. Frank Aiken tó jẹ́ olórí ọmọ ogun ọlọ̀tẹ̀ ní Ireland ní 1923 padà di mínísítà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n àwọn tó dìde ní Òkèhò àti Ìsẹ́yìn ní 1916 lòdì sí àṣẹ òyìnbó kò dé ibi tí wọ́n ti ń jẹun rárá. A kò lè mọ ohun tí wọn ì bá ṣe.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹsẹ yìí ni pé Ọ̀rúnmìlà kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n bi òun náà nípa Òkè Ìgẹ̀tí, ilé tirẹ̀, ó ní bí òun bá jẹ tí òun yó, òun náà á padà sílé. Nítorí náà, n kò lè bú Enahoro fún oúnjẹ tó jẹ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ náà kò sọ̀rọ̀ òrìṣà tó jẹun tán, tó wọlé, tó tún jáde lọ lé arìnrìn-àjò bá. Enahoro ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tó kojú Abacha, olórí ìjọba ológun, pẹ̀lú NADECO, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ìjọba tiwa-n-tiwa; wọ́n tì í mọ́lé ní 1994, ó sá kúrò nílùú ní 1996, ó padà dé ní 2000. Títí ó fi kú ní December 2010, àpérò gbogbo ẹ̀yà Nàìjíríà ló ń béèrè fún.